Gáàsì Tí Mo Kọ̀ Láti Tú Dànù

Òórùn ẹja tútù àti ti ọ́ìlì ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi nímú tí mo bá rántí kóòdù rúùmù kan, ilé tí wọ́n ti ń mú ẹja tutù, ní Sángo-Ọ̀tà. Ọdún kẹrin mi nìyẹn lẹ́nu kíkọ́ iṣẹ́ fíríìjì. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀gá mi ṣe fíríìdọ̀mù fún mi, kí n gba ìwé, kí n sì dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀. Ìwé yẹn ni mo ń tìtorí ẹ̀ jí lójoojúmọ́.

Kọ̀mpírésọ̀ tó ń ti gáàsì kiri nínú ẹ̀rọ Alhaja tó ń ta ẹja níbẹ̀ ti bàjẹ́, a sì gbọ́dọ̀ yọ gáàsì àtijọ́ tó wà nínú ẹ̀rọ náà kí a tó gbé òmíràn sí i. Ẹ mọ bí àwa oníṣẹ́ fíríìjì ṣe ń ṣe é: a ó tú páìpù, gáàsì á fọn jáde, ó parí. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Àmọ́ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo lọ, olùkọ́ sọ ibi tí irú gáàsì àtijọ́ yẹn ń lọ. Ó ní ó máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn á fi tú kilorínì inú rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn èròjà tí a ń dà sómi láti pa kòkòrò. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ á so mọ́ èròjà mìíràn, kò ní lè ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, ìkùukùu yìnyín máa ń wà lókè nígbà òtútù, ojú yìnyín yẹn sì ni ìdè rẹ̀ ti ń já. Bí oòrùn bá ti padà yọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ósóònù, ìbòrí òkè tó ń bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán olóró, títí yóò fi dá ihò sí i. Inú bí mi gan-an, sí ara mi pàápàá.

Nígbà tí ọ̀gá ní kí n tú páìpù, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, mi ò ní tú u."

"Yìnyín wo ló wà lójú sánmà Ọ̀tà? Tú u jàre, tàbí kó o gbàgbé fíríìdọ̀mù!"

"Afẹ́fẹ́ kì í dúró de kọ́sítọ́ọ̀mù ní ẹnubodè Ìdíròkò, sà, ibi gbogbo ló ń fẹ́ dé."

A ò ní ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì. Mo ní kí Alhaja fún mi ní yìnyín kún agbada kan, kí n ri sìlíńdà gáàsì òfìfo sínú rẹ̀, kí n sì so ó mọ́ páìpù ẹ̀rọ náà, torí ibi tó bá tutù jù ni gáàsì máa ń rọ́ lọ. Ọ̀gá ní ẹja á bàjẹ́ kí n tó ṣe tán. Alhaja ní, "Ẹja mi ni, mo ti kó o sínú yìnyín. Ẹ fi í sílẹ̀." Ọ̀gá pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo jókòó ti sìlíńdà yẹn láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì, tí gáàsì náà fi wọ inú rẹ̀ tán, ọwọ́ mi kú tipiri, mo sì gbé kọ̀mpírésọ̀ tuntun náà sí i fúnra mi.

Ọ̀gá ṣe bó ṣe wí, n kò gba ìwé kankan. Mo sunkún, n kò ní parọ́. Ní Àtàn-Ọ̀tà tí mo ti ń dá ṣiṣẹ́ báyìí, àwọn oníbàárà kan máa ń béèrè ìwé mi, wọ́n á sì yí padà. Mo mọ̀ pé sìlíńdà kan ò lè dí ihò ojú ọ̀run, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níkàáwọ́ mi kò dé ibẹ̀. Bí mo bá tún máa pàdánù ọdún mẹ́rin mìíràn nítorí ẹ̀, mi ò ní tú u.