Ọjọ́ Tí A Dijú Dìbò

Àǹtí Sùwéébátù rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, bí ẹni pé atẹ́gùn lè gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bó bá rẹ́rìn-ín ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Mowe, ó jọ pé àwọn mẹkáníìkì tó wà ní Asese lọ́hùn-ún á gbọ́ ọ. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní IRK. Tí àsìkò ẹ̀sìn bá tó, àwa ọmọ Kristẹni oní-CRK á kún kíláàsì bámúbámú, àwọn tirẹ̀ á lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, bẹ́ǹṣì kan sì gba gbogbo wọn. Síbẹ̀, àwọn ló máa ń rẹ́rìn-ín, tí àwa á máa na ọrùn lójú fèrèsé.

Nígbà tí ìjọba mú Sífííkì dé, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń jẹ́ ọmọ ìlú rere, kò sí tíṣà tó fẹ́ ẹ. Mọ́mì, ìyẹn ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́, gbé ti kíláàsì wa lé Àǹtí lọ́wọ́ ná. Kò sì fepo bọyọ̀ rárá.

"Sùwéébátù, àwọn ọmọ IRK ò pọ̀ mọ́. Tí alábẹ̀wò ìjọba bá dé, tí Sífííkì yìí ò bá wù ú, a jẹ́ pé wàá wáṣẹ́ síbòmíì nìyẹn."

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wa ni wọ́n dúró sí, gbogbo wa la gbọ́. Ta ni yóò tún máa pa wá lẹ́rìn-ín?

Alábẹ̀wò dé lóòótọ́, Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá, ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, Mọ́mì sì jókòó tì í. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí yíyan olórí. Tẹ́lẹ̀, Mọ́mì ló máa ń yan olórí kíláàsì fún wa, àmọ́ Àǹtí ní ká yàn án fúnra wa lójú wọn. Ẹni méjì ló jáde: Jésùlayọ̀mi, ọmọ Mọ́mì gan-an, àti Ṣàràfá, ọmọ mẹkáníìkì, tó máa ń là wá níjà.

"Ẹ dijú," ni Àǹtí wí, "kẹ́nikẹ́ni má mọ ẹni tí ẹnì kejì rẹ̀ mú. Ẹni tó bá fẹ́ Jésùlayọ̀mi, kó nawọ́ sókè."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ sọ fún ọmọ Mowe, níbi tí ìsọjí kì í tán, pé kó dijú kó nawọ́ sókè, kí lẹ rò pó máa ṣe? Ọwọ́ méjèèjì la nà. Gbémiga figbe ta: "Mo gbà á!" Kíláàsì dáhùn: "Àmín!" Adéyẹ́misí ṣubú lu bẹ́ǹṣì bí ẹni tí ẹ̀mí gbé. Hameedah, ọmọ IRK, tẹ́wọ́ àdúà, ó ń ṣàmín lọ́nà tirẹ̀. Nígbà tí Àǹtí dárúkọ Ṣàràfá, a tún nawọ́, a tún gbà á, ó tiẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Èjìká Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá ń mì fún ẹ̀rín. "Àǹtí, ta ló wá wọlé báyìí?"

Mọ́mì ló dá a lóhùn kíá. "Àwọn méjèèjì ni, sà. Jésùlayọ̀mi á ṣe olórí, Ṣàràfá á ṣe igbákejì."

Ọ̀nà àbáyọ ti yọ. Bí Àǹtí bá gbà, iṣẹ́ rẹ̀ dúró nìyẹn. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí Àǹtí gbà.

Kò gbà. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ìbùkún ni wọ́n gbà yẹn, wọn ò tíì dìbò." Ó dìde, ó kọjú sí wa. "Ìbùkún Ọlọ́run kárí gbogbo wa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń dìbò, ẹ máa mú ẹnì kan, ẹ máa fi ẹnì kan sílẹ̀. Ó yá, ẹ lajú yín."

Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó lẹ orúkọ mọ́ wọn, ó fún kálukú wa ní òkúta kékeré kan, pé ká jù ú sínú ti ẹni tó bá wù wá. A tò, à ń ti ara wa, à ń rẹ́rìn-ín. Àwọn méjì tó jáde náà lọ ju tiwọn sí i.

Àǹtí da ti Ṣàràfá sórí tábìlì, òkúta ń yí bọ́ sílẹ̀ gbirigbiri. Ó dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì ti Jésùlayọ̀mi dé. Òkúta kan ṣoṣo ló já bọ́.

Mọ́mì wo ọmọ rẹ̀. "Ìwọ nìkan lo mú ara rẹ?"

"Èmi kọ́ o, Mọ́mì. Ṣàràfá lèmi mú."

Ṣàràfá doríkodò. "Èmi ni, mà. Ojú ń tì mí láti mú ara mi."

Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì fajú ro, ó fẹ́ bínú, ó gbìyànjú gan-an, àmọ́ ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Sùwéébátù," ó ní, ó ń nu ojú, "o ò lọ síbì kankan. Láti ọ̀la, ìwọ ni kó o máa kọ́ gbogbo kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní Sífííkì."

Ọwọ́ méjèèjì la tún nà sókè. "A gbà á!" Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó dijú.