Èèrà Kì í Parọ́

Etí ìró ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ní Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń so kọ́kọ́rọ́ àpótí ṣúgà mọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó rí èèrà lórí ẹní mi, ó sì fi ẹgba bẹ́ mi lẹ́yìn lójú gbogbo ilé. "Èèrà kì í parọ́, olè."

Mo fi í sínú. Ní nǹkan bí ọdún 1988, dókítà ní ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá jáwọ́ nínú adùn, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní jinná. Èmi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́.

"Ìyá wa, ẹ tún ti lá ṣúgà."

"Ta ló rí mi?"

Mo nawọ́ sí èèrà tó bo póò ìtọ̀ rẹ̀. "Ẹ bi wọ́n. Wọn kì í parọ́."

Ó tú etí ìró, ó kó hóró ṣúgà mẹ́ta tó fi pamọ́ síbẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ jinná. Ẹ̀yìn mi náà jinná.