Kọ̀ǹpútà Mẹ́rin Nínú Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Onílé

Ìtìjú ló sọ mí di ẹni tó ní kọ̀ǹpútà. Bí mo bá ní ọgbọ́n ni, irọ́ ni mo pa. Lọ́jọ́ kan, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní Ìkẹjà, níbi tí a ti ń di bisikíìtì sínú páálí, ni mo bá pàdé ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri Agége. Láàárín fáànù tó ti dá lápá àti sítóòfù tó ti dípẹtà, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà lórí ẹrù rẹ̀, irú èyí tó ní ẹ̀yìn gbọ̀ngbọ̀n bíi tẹlifíṣọ̀n ayé àwọn bàbá wa. Àwọ̀ rẹ̀ ti di ti eyín ẹni tó ń mu tábà. Mo dúró, mo ń wò ó. Ọkùnrin náà dúró, ó ń wò mí.

"Ṣé o fẹ́ rà á ni?"

Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé kò sí ohun tó le fún mi tó kí ènìyàn dúró máa retí ìdáhùn mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mo fẹ́ gbé ìkòkò lé e. Ó wo kọ̀ǹpútà náà, ó wò mí, ó ní, "Ìkòkò ilé yín mà tóbi o." Ó wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n bí ẹni wọn irin, mo sanwó láìná an rárá. Mo gbé àpótí rẹ̀ lérí, mo fi ìborùn mi pọn ojú rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ, mo sì ń lọ sílé. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń ké sí mi lọ́nà pé, "Ìyá tẹlifíṣọ̀n, wọlé ká lọ, ọmọ ò sanwó." 

Ọdún kejì ní girama ni mo bá ìwé dé, nígbà tí bàbá mi kú. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni a ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, àmọ́ a kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Yàrá tí wọ́n kó wọn sí ní àgádágodo, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í wá. Olùkọ́ wa a máa yà á sójú pátákó: àpótí, ojú, àti eku tó ní ìrù. Àwa náà á yà á sínú ìwé wa, a ó fi rúlà fa ìlà rẹ̀ kó lè gún, wọn á sì máàkì í. Mo gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Wọ́n ní ìrù eku mi gùn jù. Nítorí náà, kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ohun àtijọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Èyí tí mo rí lórí ọmọlanke yẹn ni kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó jọ èyí tí mo mọ̀ ọ́n yà.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi tún un ṣe láìmọ ohun tí mo ń ṣe. Mo ń wo fídíò òyìnbó kan lórí fóònù. N kò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá eruku àti òkú aáyán jáde. Mo fi rọ́bà tí a fi ń pa ìwé rẹ́ nu ẹsẹ̀ mẹ́mọ́rì, ìyẹn pátákó kékeré tó ń rántí nǹkan fún un, títí ó fi ń dán. Mo yí bátìrì pẹlẹbẹ inú rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ tó jí, ó ké píì lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ funfun sì jáde lójú dúdú rẹ̀. Ó ní kí n tẹ nǹkan kan. N kò mọ èyí tó ní kí n tẹ̀, ni mo bá tẹ gbogbo wọn. Títí di òní, n kò lè ka gbogbo gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ sí mi. Mo kàn dá àwọn ọ̀rọ̀ náà mọ̀ ni, bí a ṣe ń dá ojú aládùúgbò mọ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Àmọ́ ọlọ́mọlanke ti mọ ilé wa. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Oníkòkò, mo tún ti rí òmíràn," n kò sì mọ bí a ṣe ń sọ fún ènìyàn pé ó tó. Bí mo ṣe di oníkọ̀ǹpútà mẹ́rin nìyẹn, pẹ̀lú pírínta kan tó wúwo bí òkúta ọlọ. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti àkọ́kọ́ yẹn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn mẹ́ta yòókù wà níbẹ̀ kí n lè máa yọ ẹ̀yà ara wọn tọ́jú rẹ̀.

Yàrá kan ni èmi àti màmá mi ń gbé, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi sì ti gba ìdajì rẹ̀. Nígbà tí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kún, mo kó ìyókù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń kó aṣọ jọ de ilé ọkọ," màmá mi wí, "ìwọ ń kó òkú jọ. Ẹni tó bá wá fẹ́ ọ, ibo ló máa jókòó sí?"

"Ó lè jókòó sórí èyí tó fẹ̀ yẹn."

Inú yàrá wa nìkan ni mo ti máa ń lè dáhùn bẹ́ẹ̀.

Ará Ìjẹ̀bú ni ìyá onílé wa, wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá. Obìnrin gígùn ni wọ́n. Bí wọ́n bá ń bọ̀, kálukú á ti máa wá ìgbálẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹsẹ̀ wọn kọ ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà mi, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú. Wọ́n kan ilẹ̀kùn wa.

"Ta ló kó pàǹtí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi? Kó tó di Sátidé, ẹ pe ẹni tó ń ra irin kó wá kó o."

Mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Orúnkún mi nìkan ló ṣiṣẹ́, ẹnu mi kọ̀. Màmá mi ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ.

"Ẹ má bínú mà. Kì í ṣe pàǹtí, ó ń ṣiṣẹ́."

"Iṣẹ́ kí ni?"

Màmá mi kò múra sílẹ̀ de ìbéèrè yẹn. "Ó ń tẹ̀wé," ni wọ́n sọ.

Bẹ́ẹ̀, kò tẹ ìwé kankan rí. Àmọ́ ìyá onílé yíjú wo ẹnu balùwẹ̀. Lákòókò yẹn, ìjà ta ló kàn láti fọ balùwẹ̀ ti fẹ́ tú ilé náà ká. Bí wọ́n bá kọ ètò rẹ̀ mọ́ ara ògiri lónìí, ẹnìkan á ti fi báírò yí orúkọ tirẹ̀ padà lọ́la.

"Ó dáa," ìyá onílé wí. "Kó tẹ ètò balùwẹ̀ fún mi, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní lè fọwọ́ yí. Tó bá jáde ní Sátidé, kí wọ́n dúró. Tí kò bá jáde, mi ò fẹ́ rí wáyà kan nílẹ̀ yìí."

Pírínta náà ń ṣiṣẹ́. Rìbọ́ọ̀nù rẹ̀, ìyẹn okùn aláró tó ń fi kọ̀wé, ló ti gbẹ bí ewé ọyẹ́. Ní Ọjọ́rú, mo gba ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà lọ. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kan títí ọmọkùnrin ibẹ̀ fi bi mí léèrè ohun tí mo ń wá. Mo fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Ó ní irú rẹ̀ ti tán láyé, ṣùgbọ́n eku wà, eku dáadáa. Mo ra eku. Kọ̀ǹpútà mi kò ní ihò tí eku lè wọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, màmá mi ń lé tìróò níwájú dígí, mo ń wò wọ́n, gbogbo nǹkan ti sú mi. Mo rí bí tìróò náà ṣe dúdú tó, bó ṣe kúnná tó. Nígbà tí wọ́n jáde, mo bu ìdajì rẹ̀, mo pò ó mọ́ epo ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, mo sì fi igi tìróò lé e fún rìbọ́ọ̀nù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni ń ṣe ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́. Mo dán an wò lórí bébà. Ó kọ́kọ́ hàn fírí, lẹ́yìn náà ó dúdú kirikiri. Mo rò pé mo ti gbọ́n ju àwọn tó ṣe pírínta lọ. N kò ronú pé tìróò tí a bá fi epo pò kì í gbẹ.

Ní Sátidé, iná wà, mo sì to kọ̀ǹpútà náà àti pírínta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá onílé jókòó sórí àpótí ìjókòó màmá mi, àwọn ayálégbé dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, gbogbo wọn ń wo ọwọ́ mi. Ojú tí ń wo ọwọ́ mi, bí ẹni dè é lókùn ni. Mo fi ìka kan wá lẹ́tà kan, mo rí i, mo tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìkejì.

"Ìka kan ṣoṣo?" ìyá onílé wí. "Ṣé àgbàdo lò ń ṣà jẹ ni?"

Àwọn ayálégbé rẹ́rìn-ín. Mo tẹ lẹ́tà kejì, kì í ṣe òun ni mo fẹ́.

"Dìde níbẹ̀."

Mo dìde. Ìyá onílé jókòó, wọ́n ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè, wọ́n gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé kíbọ́ọ̀dù náà, ó sì dà bí ẹni pé òjò ń rọ̀ sórí páànù. Wọn kò wo ọwọ́ wọn. Balùwẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọ́n ń ka orúkọ láti orí. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ àwọn bọ́tìnnì kan pa pọ̀ tí èmi kò mọ̀ pé a lè tẹ̀ pọ̀, pírínta sì figbe ta. Ọmọ yàrá kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ètò balùwẹ̀ jáde, ó dúdú, ó hàn ketekete.

Inú ìyá onílé dùn. Wọ́n tẹ́ bébà náà sórí itan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ́ ẹ kó lè nà. Lẹ́yìn náà wọ́n nu òógùn iwájú orí wọn. Wọ́n họ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n fọwọ́ kan imú. Ibi tí wọ́n bá fọwọ́ kàn ló ń dúdú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo ya ẹnu. Wọ́n ti dìde, wọ́n ń lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, wọ́n ń fi bébà náà han àwọn ayálégbé. "Yàrá kejì, Ọjọ́rú ni tìẹ. Ṣé o rí i? Lọ fi báírò yí i ká wò." Ọkùnrin yàrá kejì wolẹ̀, ó ní, "Mo ti rí i mà." Gbogbo wọn ló ń wolẹ̀. Ìyá onílé rò pé ẹ̀rù òun ló ń bà wọ́n. Mo ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mo ń sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ mà," ní ohùn tí èmi nìkan lè gbọ́.

Ẹnu ilẹ̀kùn karùn-ún ni màmá mi ti dá wọn dúró. "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ wo dígí."

Ìyá onílé wọlé.  Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà, mo ń wò ó pé bóyá ọlọ́mọlanke á lè kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti bọ́jú, ṣùgbọ́n ti àyíká ojú wọn kò lọ, ó sì yẹ wọ́n. "Kí lo fi sára rìbọ́ọ̀nù yìí?"

"Tìróò mà."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Epo máṣíìnì mà."

Màmá mi yíjú wò mí. Àkókò yẹn ni wọ́n mọ ibi tí tìróò wọn lọ.

"Ìnkì òǹtẹ̀ là ń fi sí i," ìyá onílé wí. "Ọdún mélòó ni mo fi tẹ̀wé ní Aláúsá. Tí wọn ò bá fún wa ní tuntun, ìnkì òǹtẹ̀ ni, a ó sì fi sílẹ̀ kó mu ún dáadáa. Ta ló kọ́ ọ ní tìróò?"

"Kò sẹ́ni mà."

"Ó hàn."

Màmá mi fún ara wọn ní ìgboyà. "Àmọ́ ó jáde, àbí kò jáde mà?"

"Ó jáde." Ìyá onílé tún bébà náà wò, wọ́n fi orí ìka mú un lẹ́tí. "Mi ò ní yẹ ọ̀rọ̀ mi. Ẹ má kó wọn kúrò."

Èémí tí mo ti dì mú láti ọjọ́ Ajé jáde. Kò tíì jáde tán tí wọ́n fi ní, "Ṣùgbọ́n eléyìí tó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló yẹ ẹ́, kí ẹnìkan máa da omi sí i. Gbé e lọ sí pálọ̀ mi. Àwọn mẹ́ta yẹn, kí wọ́n wà níbẹ̀. Tó bá bàjẹ́, ibẹ̀ la ó ti máa yọ nǹkan rẹ̀."

Mo wo màmá mi. Màmá mi wò mí. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni wọ́n ń retí. Tèmi ni, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ. Mo tò ó jọ nínú ikùn mi, mo gbé e dé ọ̀fun. Mo la ẹnu.

"Ó máa nílò tábìlì tó lágbára mà."

"Tábìlì wà," ìyá onílé wí.

Bí mo ṣe gbé e kọjá àgbàlá nìyẹn, màmá mi ń bọ̀ lẹ́yìn mi pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù lábíyá.

"Mo rò pé o máa sọ̀rọ̀," wọ́n rọra wí.

"Mo sọ̀rọ̀."

"Tábìlì lo sọ."

Mo to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, mo fi wáyà sí ibi tó yẹ, ó ké píì. Mo yí padà kí n máa lọ, àmọ́ ìyá onílé ti gbé àga kejì wá.

"Jókòó."

Mo jókòó. Wọ́n mú páálí kan, wọ́n gbé e bo ọwọ́ mi lórí kíbọ́ọ̀dù náà, tí n kò fi lè rí lẹ́tà kankan mọ́.

"Ìka mẹ́wàá ni Ọlọ́run fún ọ, o wá ń fi ẹyọ kan ṣiṣẹ́. Sátidé-Sátidé ni wàá máa wá. A ò ní dìde níbí títí àwọn mẹ́sàn-án yòókù á fi jí."

Mo fẹ́ sọ pé omi ń bẹ nílẹ̀ tí mo fẹ́ lọ pọn. Mo fẹ́ sọ pé tèmi ni kọ̀ǹpútà yìí, èmi ni mo pọ̀n ọ́n wálé.

"Ẹ ṣé mà," ni mo sọ.