Ọkọ̀ Tí A Ò Pe Àáró Bíbọ̀ Rẹ̀

Èmi ò fẹ́ràn ìtàn ọkọ̀ òfúrufú yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo wà lára àwọn tó ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Bàbá mi àti àbúrò mi ọkùnrin ló hùmọ̀ rẹ̀ nínú oko iṣu wa lójú ọ̀nà Ẹ̀sìẹ́, nígbà tí àbúrò mi ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí wọ́n bá ti kọ ebè débi tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa kan ọkọ̀ tí kò sí. Èmi ni wọ́n á wá pè pé kí n gbé omi wá.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, àáró ni gbogbo Ìgbómìnà fi kan ọkọ̀ náà. Ẹ ṣá mọ àáró: wá bá mi ro oko mi lónìí, èmi náà á wá bá ọ ro tìrẹ lọ́jọ́ tó o bá dá. Owó ò sí níbẹ̀, oúnjẹ ọjọ́ náà ni, àti pé o ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọjọ́ ẹnìkejì rẹ yẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ wá láti Agbamu wá rọ irin. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wá láti Ìsánlú-Ìsin. Àwọn ará Ṣàrẹ́ gbé ìrẹsì wá fún àwọn òṣìṣẹ́. Ọkọ̀ ìdánwò ni, irú ẹ̀ ò fò rí, àbúrò mi ló sì wà á. Wọ́n yìn ín láti orí òkè kan, ó fò kọjá ibi tí afẹ́fẹ́ parí sí, bàbá mi sì pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá mi o, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń sá pamọ́ fún!

Wọ́n fò ó débi tó wù wọ́n. Ohun tí wọn ò rí ṣe ni bó ṣe máa padà wálé. Èmi tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní yunifásítì nígbà náà ni wọ́n bi.

Mo ní, "Ẹ gbọ́, eré tí ọkọ̀ yẹn ń sá lókè, ọta ìbọn ò lè bá a. Bó bá fi orí sọlẹ̀ wọ inú afẹ́fẹ́, á jóná. Bó bá sì fẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́ jù, afẹ́fẹ́ á ta á nù padà, bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé ń sọ sójú omi."

Bàbá mi ní kí wọ́n fi amọ̀ inú ọ̀gán rẹ́ ìdí rẹ̀. Ó ní ìdí ìkòkò a máa dúdú, kì í jóná. Àbúrò mi ní kí wọ́n kúkú gbé Ogbo sínú ọkọ̀. Ogbo ni àdá tí wọ́n ní àwọn bàbá ńlá wa tẹ̀ lé láti Ifẹ̀, tó ń lànà fún wọn níwájú títí wọ́n fi dé ilẹ̀ yìí. Àbúrò mi ní Ogbo mọ̀nà, kò sì ní ṣìnà.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀nà àtilọ ni Ogbo mọ̀. Ta ló fi bọ̀ rí? Àwọn tó tẹ̀ lé e, ṣé wọ́n padà sí Ifẹ̀ ni?"

Bàbá mi ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ ti mú jù."

Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló wá rí ibi tí wọ́n ti ṣàṣìṣe. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, àṣìṣe wa rèé! Àáró lílọ la pè. A ò pe àáró bíbọ̀." Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó yá, àbúrò mi jáde ilé ẹ̀kọ́, kò ríṣẹ́. Ó gun ọ̀kadà ní Òmù-Àrán títí ọ̀kadà náà fi bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Líbíà, pé òun máa gba ibẹ̀ kọjá òkun lọ sí Yúróòpù. Mo bá a jà, mo sunkún, mo sọ pé orí rẹ̀ ò pé. Nígbà tó ń lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi, ó ní, "Bàbá, ẹ má parí ìtàn wa o. Tí mo bá dé, mo máa sọ bó ṣe sọ̀ fún yín." Bàbá mi ní, "Mi ò ní parí ẹ̀."

Ẹnì kan tí wọ́n jọ lọ ló pè mí lórí fóònù, lẹ́yìn tí a ti retí ohùn àbúrò mi títí. Ó ní ọkọ̀ ojú omi wọn dojú dé. Ó ní òun fojú rí i nínú omi, lẹ́yìn náà òun ò rí i mọ́. Mo rìn lọ sóko lọ sọ fún bàbá mi. Ó ń fi igi ti ewé iṣu.

Ó ní, "Ta ló rí òkú rẹ̀?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó rí i, Bàbá."

Ó ní, "Ó dáa." Ó sì padà sídìí iṣu rẹ̀.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, àfi ìgbà tó délé wa ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń wí. Mo fẹ́ sunkún. Kí n má purọ́, ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ: kí ìjọ ṣe ìsìn ìrántí fún àbúrò mi, kí wọ́n kọ orin, kí àwọn obìnrin dì mí mú, kí n ké. Pásítọ̀ wá sílé nítorí rẹ̀. Bàbá mi ní, "Ẹni tó ṣì wà lókè, ẹ fẹ́ ṣèrántí rẹ̀? Ọkọ̀ ò tíì sọ̀." Pásítọ̀ wò mí, èmi náà wò ó. Orí bàbá mi pé o, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó kàn kọ̀ ni. Níwọ̀n ìgbà tó sì kọ̀, èmi ò láṣẹ láti sunkún nínú ilé rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìfilọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi dìde. Ó ní òun pe àáró fún Sátidé. Ó ní òun fẹ́ ro ilẹ̀ kan lẹ́yìn oko wa, ibi tí ọkọ̀ ọmọ òun máa sọ̀ sí. "Gbogbo ẹni tí mo ti bá ro oko rẹ̀ rí, mo ń bẹ̀ yín, ẹ wá san án."

Ẹnì kan wúkọ́. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mí mì. Ta ló fẹ́ wá? Àwọn tí bàbá mi ti bá ro oko nígbà tí egungun rẹ̀ ṣì le, púpọ̀ nínú wọn ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn tó kù, ọmọ wọn ti kó wọn lọ sí Ìlọrin, lọ sí Èkó, àwọn kan ń tọ́jú ọmọ-ọmọ ní Kánádà.

Ó tún ní kí n gúnyán fún èrò. Mo ní, "Èrò wo, Bàbá?" Ó ní, "Àwọn tó ń bọ̀." Ẹ gbà mí! Mo gúnyán náà pẹ̀lú ìbínú, bí mo ṣe ń gún un ni mo ń ṣépè fún Líbíà, mo sì gbé e lọ sóko.

Bàbá mi nìkan ni mo bá níbẹ̀, lórí ìjókòó, ọkọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Oòrùn ti ń mú. Lẹ́yìn náà la rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bọ̀, Mùsùlùmí àgbàlagbà kan tó wá láti apá Ṣàrẹ́ láyé àtijọ́, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà. Kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìfilọ̀, kò sì jẹ bàbá mi ní àáró kankan. Ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó mú kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ dání.

Ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé ó wá gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ níyànjú ni. Ó kí wa tán, ó ní, "Tíṣà, báwo ló ṣe máa fẹ̀ tó?"

Bàbá mi ní, "Ọkọ̀ ìdánwò ni. A ò mọ ibi tó máa bà sí gan-an. Jẹ́ kó fẹ̀."

Ni àwọn arúgbó méjì bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ro díẹ̀, wọ́n á fara ti ọkọ́, wọ́n á mí. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo pariwo mọ́ bàbá mi, ohun tí mi ò ṣe rí láyé mi. Mo ní, "Bàbá, ilẹ̀ kọ́ ni ìṣòro ọkọ̀ yẹn! Ohun tó ń pa wọ́n kì í jẹ́ kí wọ́n dé ilẹ̀!"

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀."

Ó ro ibi tó kàn. Ó ní, "Mo mọ̀, ìyá mi. Inú omi ni ọmọ mi wà. Ṣùgbọ́n ó ní a ò pe àáró bíbọ̀. Mo ti wá pè é."

Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, wọ́n jẹun. Iyán kún igbá síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ṣàlùwàlá, ó kírun lórí ilẹ̀ tí wọ́n ro, ó wá jókòó tì wá.

Ó ní, "Tíṣà, mo ti ṣe tìrẹ. Ó ku tèmi."

Bàbá mi ní, "Kí ló kù lóko rẹ? Ṣebí o ti gbin iṣu tán?"

"Kì í ṣe oko. Ilẹ̀ bí irú èyí ni." Ó ń fi ewé nu ọkọ́ rẹ̀. "Ọmọbìnrin mi yẹn, kò sí ní Ìlọrin tí mo ń sọ fún yín. Sáúdì ló lọ, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Fóònù rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kò sẹ́ni tí mo lè bi."

Bàbá mi dá ọjọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ẹ̀yìn rẹ̀ ò jẹ́ kó lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó nawọ́ ọkọ́ sí mi. Àáró kì í yẹ̀. Bí bàbá ò bá lè lọ, ọmọ á lọ. Koríko ti ń hù lórí ilẹ̀ tiwa nígbà tí mo kọjá níbẹ̀.

Èmi àti bàbá àgbà náà ro ilẹ̀ ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tá a dé òpin, ó dúró, ó wo ilẹ̀ náà títí, ó wá yíjú sí mi. Kò ṣàwàdà rárá.

Ó ní, "Ìwọ tó o kàwé rẹ̀, ṣé ó fẹ̀ tó?"

Mo wò ó. Mo wo ilẹ̀ náà.

Mo ní, "Ó fẹ̀ tó, Bàbá." Mo jókòó sórí ebè tó wà nítòsí, mo sì sunkún.