Orúkọ Tí Fóònù Ń Pè

Fóònù ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ni Nàfísátù, aránṣọ ará Ìjù, fi ń rajà ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní Sàngó-Ọ̀tà. Á rọra máa rìn bí ẹni tó ń lálàá, á na fóònù sí agolo mílíìkì, yóò dún pí, á sì tibẹ̀ sanwó. Lẹ́yìn náà ni ohùn pẹ̀lẹ́ kan á jáde nínú fóònù náà: “A dúpẹ́, Mùsílíù.”

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gbọ́ orúkọ ọkọ rẹ̀, inú bí i, ó sì bá fóònù wí nítorí bàbá ọmọ rẹ̀: “Ẹgbẹ́ rẹ ni Bàbá Ọpẹ́mipọ̀ ni?”

Lónìí, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ n fi orúkọ yín sí i.”

Nàfísátù fa fóònù mọ́ àyà. “Má dán an wò! Jẹ́ kó máa pè é. Èmi ò pè é lórúkọ rí títí ó fi lọ.”