Màmá Àwo àti Àwo Tó Ń Gbọ̀n

Bí ìjà bá ń wù yín í jà, tí ẹ ò rí ẹni bá yín jà, ẹ lọ fi ọwọ́ tí ẹ kò fọ̀ kan àwo Màmá Àwo lọ́jọ́ Jimọ́. Akọ̀wé iléèwé ni ìyá yìí, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló sì ti lò nídìí iṣẹ́ náà. Àwọn olùkọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí àwo mẹ́ta kan tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, irú àwo pẹlẹbẹ tó ń dán yinrin, tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sí, tó lè pa nǹkan ọ̀hún rẹ́, kó sì tún kọ òmíràn sí i. Ní gbogbo ọjọ́ Jimọ́ ni yóò da máàkì àwọn ọmọ iléèwé sórí ọ̀kan nínú wọn. Jimọ́ yìí, àwo àkọ́kọ́. Jimọ́ tó ń bọ̀, ìkejì. Èyí tó tẹ̀ lé e, ìkẹta, lẹ́yìn náà yóò tún padà sí àkọ́kọ́.

Àwọn olùkọ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Màmá, ayé ti kúrò níbẹ̀ o. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lójú ọ̀run, ni wọ́n ń kó nǹkan pamọ́ sí báyìí."

"Ojú ọ̀run kẹ̀? Tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò gbé àkàbà fún mi?"

Ẹ̀wù funfun ló máa ń wọ̀, aṣọ funfun ló sì fi ń nu tábìlì. Kò lè rí ohun tó ti gbó kó má bò ó. Yóò gé bébà pélébé, yóò kọ déètì sí i, yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn àwo. Nígbà tí déètì bá yí padà, kò ní ṣí ti àtijọ́ kúrò o. Tuntun ni yóò lẹ̀ lé e lórí. "Bí èèyàn bá ń ṣí bébà, ojú rẹ̀ á rí gbágungbàgun. Mi ò fẹ́." Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, tí ọdún ń gorí ọdún.

Ohun kan tún wà tí ìyá yìí ń bò. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ o. Ọkọ rẹ̀ ni. Fọkanáísà ni bàbá náà. Ó ń lẹ táyà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì ń kan òjé kéékèèké mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò kó má baà máa gbọ̀n tó bá ń sáré. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì títí wọnú èékánná, kò sí ọṣẹ tó ká a. Èèyàn dáadáa ni, aláwàdà ni, kì í sì í jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti ń gbé e lọ, iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lódìkejì títì ló ń já a sí. "Ẹ dúró síbí, géètì iléèwé há," ni ìyá wí ní ọdún àkọ́kọ́. Géètì yẹn, tírélà méjì lè gbabẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá rí bó ṣe fẹ̀ tó, síbẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù náà ló ń dúró sí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kú fin-ín. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Wọ́n gbá a nídìí, kò dáhùn. Ọjọ́ burúkú ló sì yàn. Máàkì ọdún mẹ́ta ti àwọn ọmọ igba ó lé méjìlá tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ìdánwò kí aago mẹ́rin tó lù lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí tirẹ̀ kò bá dé, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó ṣe ìdánwò.

Ọ̀gá iléèwé, obìnrin gíga kan tí kì í pariwo, sáré wọlé. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwo yín dà?"

Háà, inú Màmá Àwo dùn! Ó gbé páànù bisikíìtì tí àwo rẹ̀ ń gbé síta, ó wo àwọn olùkọ́ lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ojú ọ̀run yín ńkọ́? Ó yá, ẹ lọ gbé àkàbà wá."

Wọ́n ránṣẹ́ pe arábìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó sì gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ dání wá. Ó ki àwo tí wọ́n kọ ní Jimọ́ tó kọjá bọ̀ ọ́. Àwo bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bó ṣe ń sáré sí i, àfi gìrìrìrì! Tábìlì ń gbọ̀n, ife tíì ń gbọ̀n lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá jáde lójú kọ̀ǹpútà pé àwo yìí ṣófo, ṣé kí òun pa á rẹ́ kóun tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀?

"Ẹ má tẹ bẹ́ẹ̀ ni o!" Màmá Àwo kígbe, ó rá ọwọ́ arábìnrin náà mú. "Ó ṣófo báwo? Ojú mi báyìí ni kọ̀ǹpútà ṣe kọ nǹkan sí i ní Jimọ́!"

"Mi ò tẹ̀ ẹ́, Mà. Tí kọ̀ǹpútà ò bá rí àwo kà, òfìfo ló máa ń pè é."

Arábìnrin náà nu àwo láti àárín lọ sí etí, kò nu ún yípo. Kò gbọ́. Ó fẹ́ eruku kúrò lójú tí ẹ̀rọ fi ń ka àwo. Kò gbọ́. Ó so ẹ̀rọ mìíràn mọ́ ọn láti ìta, gìrìrìrì náà ni. Àwo kejì, gìrìrìrì. Ìkẹta tiẹ̀ burú jù. Aago méjì lù. Ẹnì kankan kò fi Màmá Àwo ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà á jù. Ó mọ àwọn ọmọ náà lórúkọ, ó mọ èyí tó ti sọ ọdún kan nù tẹ́lẹ̀ nítorí àìsàn.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọkọ rẹ̀ ni.

"Ìyá wa, mo ti wá gbé ẹ lọ sílé o. Mo wà níwájú ṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ máa lọ. Wàhálà wà níbí."

"Kí ló ń gbọ̀n lẹ́yìn ẹ yẹn?"

"Àwo ni. Kọ̀ǹpútà kọ̀, kò kà á."

"Gbé fóònù sún mọ́ ọn." Bàbá tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀. "Àṣé! Ẹ̀gbẹ́ kan ló wúwo ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ariwo tí mò ń gbọ́ lẹ́sẹ̀ mọ́tò lójoojúmọ́ nìyẹn. Tí mo bá fojú rí i ni, ǹ bá sọ ibi tó wà."

Màmá Àwo wo ẹ̀wù funfun ọrùn rẹ̀. Ó wo ọ̀gá, ó wo àwọn olùkọ́. Ó rántí ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tó le gbagidi fún ọ́ìlì. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ojú ń tì í. Ṣùgbọ́n aago ara ògiri ń lọ ní tirẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti eṣinṣin lọ.

Bàbá wọlé. Ó nu bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi sú àwọn tó ń wò ó, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọwọ́ mi ò mọ́, arábìnrin, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá mi mú un. Ẹ fi ihò àárín rẹ̀ kọ́ bírò. Ẹ yí i díẹ̀."

Arábìnrin náà yí i. Àwo yí, ó yí, ó dúró. Ó tún un yí, ẹ̀gbẹ́ tó kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀ náà ló tún lọ sísàlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, bákan náà.

"Ibẹ̀ ló wúwo," ni bàbá wí. "Kí ló wà níbẹ̀?"

Gbogbo ojú lọ síbẹ̀. Bébà Màmá Àwo ni, ó ti nípọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì.

"Mà, mélòó lẹ ti lẹ̀ síbẹ̀?"

"Mi ò kà á," ni ìyá kùn lábẹ́lẹ̀.

Arábìnrin náà mí kanlẹ̀. "Tó bá jẹ́ àwo orin ni, mi ò ní dán an wò, abẹ́ bébà gan-an lorin máa ń wà. Ti èyí, ike méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, àárín wọn lohun tí ẹ kọ wà." Ó fi aṣọ tí wọ́n rẹ sómi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lé bébà náà lórí. Ó ń rọ̀, wọ́n ń ṣí i díẹ̀díẹ̀. Jimọ́ tó kọjá ṣí. Oṣù tó kọjá ṣí. Ọdún tó kọjá ṣí. Wọ́n ṣí i títí wọ́n fi kan déètì ọdún tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà ṣì jẹ́ ọmọ iléèwé níbẹ̀. Wọ́n nu gọ́ọ̀mù kúrò, wọ́n jẹ́ kó gbẹ.

Nígbà tí wọ́n tún kì í bọ̀ ọ́, ife tíì kò mira. Arábìnrin náà ní kí ẹ̀rọ rọra máa kà á. Orúkọ àkọ́kọ́ jáde. Ìkejì jáde. Màmá Àwo ń fi ìka ka wọ́n lójú kọ̀ǹpútà títí ó fi pé igba ó lé méjìlá. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni èsì dé pé wọ́n ti rí gbogbo rẹ̀ gbà.

Ariwo sọ! Wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń gbá ara wọn mọ́ra. Bàbá ti rọra dé ẹnu ọ̀nà kí ọ̀gá tó rí i.

"Sà, ẹ dúró ká dúpẹ́! Iléeṣẹ́ wo lẹ ti wá?"

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi? Mo kàn ń kọjá lọ ni, Mà."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Màmá Àwo lọ́kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ bàbá nírọ́ yẹn láti ọdún àkọ́kọ́ wá, kò sì mọ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n sórí. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Irọ́ ni wọ́n ń pa o!" Ó rìn lọ bá ọkọ rẹ̀, ó di ọwọ́ dúdú náà mú lójú gbogbo wọn. "Ọkọ mi ni. Olówó orí mi ni. Fọkanáísà ni wọ́n, àwọn ló sì ń gbé mi wá síbí láràárọ̀."

"Bàbá iwájú ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì!" ni olùkọ́ kan pariwo. "A rò pé dírẹ́bà yín ni!"

Bàbá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wa mọ́tò dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì tẹ bíréèkì bó ṣe máa ń ṣe. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀.

"Kí lẹ dúró sí?" ni ìyàwó bi í. "Ẹ máa wọlé lọ."

"Inú ọgbà? O ní géètì há."

"Ẹ wọlé, jàre. Ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ọ̀gá ni kẹ́ ẹ dúró sí."