Ìdajì Yáàdì Tó Dín

Àwa méjì là ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa ní Fọlá Àgòrò. Èmi ti jáde girama kí n tó débẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, tó wá láti Ìṣẹ́yìn, kò parí pámárì. Ọwọ́ rẹ̀ yá lórí máṣìnnì jù tèmi lọ, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìdajì àti ìdá mẹ́rin, ojú rẹ̀ á dàrú.

Tí ọ̀gá bá lọ kírun ọ̀sán, n ó ní, "Gáùn gba yáàdì méjì àbọ̀, jákẹ́ẹ̀tì gba yáàdì kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Mélòó ni gbogbo rẹ̀?"

Á kó tòkè pọ̀, á kó tìsàlẹ̀ pọ̀, á ní ó jẹ́ mẹ́ta àti mẹ́rin nínú mẹ́fà.

"Rárá. Kọ́kọ́ sọ ìdajì di méjì nínú mẹ́rin. Méjì àti mẹ́ta, márùn-ún nínú mẹ́rin. Ìyẹn ti ju odindi kan lọ. Mẹ́rin àti ìdá kan nínú mẹ́rin ni."

Á rẹ́rìn-ín, á ní òun ti gbọ́. Abọ́ kan náà la fi ń jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé Igbóbì wá pé òun fẹ́ rán gáùn àti jákẹ́ẹ̀tì fún ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì òun. Ọ̀gá wọ̀n ọ́n, ó sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà, iye kan náà tí mo fi ń kọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó ní kí a ro ó pọ̀ kí màmá náà tó padà wá gbọ́ iye tó máa rà. Bí ọ̀gá ṣe ń jáde lọ, ó rán mi lọ ra sípì ní Bàrígà. Nígbà tí mo fi dé, màmá náà ti wá, ó ti lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ti dá wọn lóhùn. Mi ò bi í ní iye tó sọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, màmá náà gbé léèsì rẹ̀ wá. Ọ̀gá fi téèpù wọ̀n ọ́n: yáàdì mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó dín ní ìdajì yáàdì, aláṣọ sì ti tà á tán. Ọ̀gá fa ìwé tí a fi ń ṣírò yọ, ó rí mẹ́ta àti mẹ́rin nínú mẹ́fà níbẹ̀. Aláṣọ ló fi díẹ̀ kún un tó fi di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

"Ta ló ṣe èyí?"

Ọ̀rẹ́ mi ń wolẹ̀. "Èmi ni mo kọ ọ́, Mà, ṣùgbọ́n òun ló pè é fún mi kó tó lọ sí Bàrígà."

Ọ̀gá kọjú sí mi. "Ṣebí ìwọ lò ń kọ́ ọ ní ìṣirò?"

"Èmi ni, Mà, ṣùgbọ́n..."

"Ó tó."

Ọ̀gá gba síṣọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. Jákẹ́ẹ̀tì màmá náà di aláìlápá, èmi sì di ẹni tó ń gán bọ́tìnnì fún oṣù mẹ́jọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá mi, tó ń tún ọ́fíìsì ṣe ní Palmgrove. Kò bi mí ní nǹkan kan kó tó kúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, Mà. Mo bá a bẹ̀ yín." Ìyẹn dùn mí ju síṣọ́ọ̀sì lọ.

Èmi náà ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Bàrígà báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi wọlé wá bá mi, ó jókòó.

"Tí ọ̀gá bá lé mi nígbà yẹn, Ìṣẹ́yìn ni mo máa padà sí," ó ní. "Ìwọ ní ìyá nítòsí. Mo mọ̀ pé ìwọ á lè gbà á mọ́ra."

"Ṣé o ti sọ fún ọ̀gá?"

"Rárá."

Mo ní kí a jọ lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ṣì wà ní Fọlá Àgòrò. Ó gbà. Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, mo dúró dè é di ọ̀sán. Kò yọjú. Mo pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ó ń dún, kò gbé e.